Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn náà tán kẹ́ ẹ tó fún wọn ní nóòtù

Ẹ̀yin tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ ní sẹ́kọ́ńdírì náà, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ó sì ká mi lára gan-an ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síta. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní Gẹ̀ẹ́sì níbí l'Óṣogbo, ó ti tó ọdún mélòó kan, nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé wọ kíláàsì, ìtàn kúkúrú ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń la ọmọ lójú. Mo mọ̀ pé gírámà ṣe pàtàkì, oral English náà ṣe pàtàkì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ọmọ tí ò bá tíì jókòó ti ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí, tó jẹ́ pé nóòtù ìtàn ló ń há sórí, ọmọ yẹn ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé kíkà, bó gba A1 kó gba A1.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi púpọ̀ rèé, bí wọ́n sì ṣe kọ́ àwa náà nígbà tiwa nìyẹn. Tíṣà á wọlé, á kọ "The Necklace" sójú bọ́ọ̀dù, á fa ìlà sídìí ẹ̀. Setting: Paris. Theme: pride, greed. Characters: ẹni báyìí, ẹni báyìí. Àwọn ọmọ á dà á kọ, agogo á lu, ó parí. Tó bá dọjọ́ ìdánwò, ọmọ á dà á padà bó ṣe gbà á, tíṣà á máàkì í, á fún un ní méje nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò fojú kan ìtàn ọ̀hún rí láyé ẹ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin inú ẹ̀ gbéraga torí wọ́n sọ fún un. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí lobìnrin náà ṣe tí wọ́n fi ní ó gbéraga, á máa wo òrùlé.

Mi ò ní àwọn tíṣà ya ọ̀lẹ o. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kíláàsì á kún fọ́fọ́, ìwé á jẹ́ ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ tíṣà, sílébọ́ọ̀sì ò sì dúró de ẹnì kankan. Yàtọ̀ síyẹn, nọ́fẹ̀ẹ̀lì, eré orí ìtàgé àti ewì ni Literature ti WAEC máa ń dá lé, ìtàn kúkúrú ò fi bẹ́ẹ̀ ríbi jókòó sí níbẹ̀, torí náà bí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ò bá fúnra ẹ̀ wá àyè fún un, ọmọ lè ṣe sẹ́kọ́ńdírì tán kó má pàdé ẹ̀. Èmi wá ń so píríọ́ọ̀dù comprehension pọ̀ mọ́ ti essay, ibẹ̀ ni mo ń rí i ṣe.

Àǹfààní tó tóbi jù lára ìtàn kúkúrú náà ni pé ó kúrú. Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ ní 1842 pé irú ìtàn tí òun ń wí yẹ kó gbà tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan tàbí méjì láti kà, kéèyàn má dìde kó tó parí ẹ̀, torí téèyàn bá ti gbé e kalẹ̀ báyìí, wàhálà ayé á dá sí i, gbogbo agbára tí ìtàn yẹn ti ní lórí ọkàn ẹni á sì tú. Ọ̀rọ̀ yẹn bá táìmù-tébù wa mu rẹ́gí. Píríọ́ọ̀dù kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40, tá a bá so méjì pọ̀ ó di 80, a ó ka ìtàn tán, a ó tún ráyè bá ara wa fà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fún wọn ní ìtàn lọ kà nílé. Ilé wo ni wọ́n ti fẹ́ kà á? Òmíràn wà lára wọn tó jẹ́ pé bó bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù báyìí, Ọjà Ọba ló ń lọ bá màmá ẹ̀ dúró ti ọjà, ó di bíi aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó délé, NEPA á sì ti múná lọ. Tó bá dọ̀la, àwọn mélòó kan ló máa ti kà á, àwọn yẹn nìkan ló máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á tẹrí ba. Nínú kíláàsì tèmi, ìtàn tá a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, òní la ó parí ẹ̀, ojú gbogbo wa ni.

Èmi fúnra mi ni mo máa ń kà á jáde fún wọn lẹ́ẹ̀kíní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń ní kí ọmọ kan dìde kó kà, kí òmíràn gbà á, ìyẹn dáa fún ìdánrawò, àmọ́ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ìtàn ń wọ etí wọn, torí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín, ìtàn á ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Mo máa ń kà á díẹ̀díẹ̀, mo máa ń yí ohùn padà fún oníkálukú tó wà nínú ìtàn, níbi tó bá ti le mo máa dúró. Ìwé wà níwájú wọn, ọmọ méjì méjì sí ẹ̀dà kan. Tí mo bá kà á tán, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ ṣe é láàárọ̀ o, torí tó bá jẹ́ ọ̀sán ìgbà òjò, tí òjò Óṣogbo bá bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù, ẹni tó wà ní bẹ́ǹṣì kejì gan-an ò ní gbọ́ yín.

Ó wá ku ohun téèyàn máa bi wọ́n. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí. Àwọn ọmọ wa, inú àlọ́ ni wọ́n ti mọ ìtàn, ìyá àgbà tàbí rédíò, tẹ́ ẹ bá ti parí ìtàn báyìí wọ́n ti ń dúró de ẹ̀kọ́. Ìjàpá ṣe ojúkòkòrò, ojú tì í, ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ ni pé ká má ṣe ojúkòkòrò. Àlọ́ dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, èmi náà ń pa á fáwọn ọmọ mi nílé. Àmọ́ àwọn tó kọ ìtàn kúkúrú wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn ò ka ẹ̀kọ́ síwájú ẹni, wọ́n á kàn kó nǹkan kalẹ̀ fún ẹ, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Tó o bá tètè bi ọmọ pé "Kí lẹ̀kọ́ tá a rí kọ́?" á sáré mú èyí tó ti mọ̀ látilé, "we should be contented", á jókòó, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ìtàn ti kú. Ìbéèrè tí mò ń bi wọ́n ni: "Níbo lo ti kọ́kọ́ fura?" Mo tún máa ń bi wọ́n pé: "Ta ló mọ̀ ṣùgbọ́n tí ò sọ?" Ìbéèrè irú ìyẹn, kò sí bí ọmọ ṣe lè dáhùn ẹ̀ tí ò ní padà sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ n fi "The Necklace" yẹn ṣàlàyé. Guy de Maupassant ló kọ ọ́ ní èdè Faransé, ó jáde ní 1884. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbàgbé: Mathilde Loisel rẹwà, akọ̀wé kékeré ni ọkọ ẹ̀ níléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ìwé ìpè wá pé kí wọ́n wá sí òde ńlá. Ó ní òun ò láṣọ. Ọkọ ẹ̀ kó 400 franc tó ń tọ́jú láti fi ra ìbọn ọdẹ jáde fún un. Aṣọ délé, ó ní òun ò ní nǹkan ọrùn, ó wá lọ yá ṣéènì dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ Madame Forestier, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó lówó. Òde dùn, gbogbo ojú ń wò ó. Wọ́n délé, ṣéènì ti sọ nù. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́, wọ́n lọ ra òmíràn tó jọ ọ́ ní 36,000 franc, wọ́n yá owó níbí, wọ́n yá lọ́hùn-ún, wọ́n lé ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n kó lọ sí yàrá abẹ́ òrùlé, obìnrin náà ń fọ abọ́, ó ń pọnmi, ó ń ná ọjà bí ẹni ń jà, ọdún 10 gbáko ni wọ́n fi san án. Ọjọ́ tó wá pàdé ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sì jẹ́wọ́ fún un, ọ̀rẹ́ ní ayédèrú ni tòun, kò lè ju 500 franc lọ. Ó tán. Òǹkọ̀wé ò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Kò sí àlàyé kankan tí mo ní láti ṣe fọ́mọ Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ òde. Sátidé ò lè kọjá lálàáfíà nílùú yìí láìsí kánópì lójú títì, wọ́n mọ aṣọ ẹbí, wọ́n mọ ẹni tó yá iyùn lọ sóde. Bí mo ṣe parí ẹ̀ ariwo ta, wọ́n ń dúnmọ́ Mathilde, wọ́n ń bú ọkọ ẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Mo wá bi wọ́n: níbo lo ti kọ́kọ́ fura pé ayédèrú ni? Gbogbo wọn ní ibi kankan kọ́, àfi ìgbà tí obìnrin yẹn sọ ọ́. Mo ní ó dáa, ẹ padà, ẹ mú báírò dání, ẹ wá a.

Ó pẹ́ díẹ̀ o. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn, ọmọ Àlékúwodò, tí kì í sọ̀rọ̀ rárá tẹ́lẹ̀, òun ló nawọ́. Ó ní, "Mà, ẹni tó ń ta góòlù yẹn." Mo ní èwo? Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ ló wà lára àpótí ṣéènì yẹn, wọ́n wá lọ bá a, ó wo ìwé ẹ̀, ó ní òun kọ́ lòun ta ṣéènì, àpótí nìkan lòun tà." Ẹ wò ó, gbogbo kíláàsì bẹ́ mọ́ ìwé. Wọ́n ń ṣí i padà, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọ. Torí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbólóhùn kan péré, èmi gan-an sì kà á jáde fún wọn ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ó kọjá létí gbogbo wọn. Ta ló ń ra àpótí lọ́tọ̀ fún ojúlówó dáyámọ́ńdì? Kí ẹnu mi tó padé, ọmọbìnrin kan ti dìde: "Mà, nígbà tó dá a padà, Madame Forestier ò ṣí i wò. Bó bá jẹ́ góòlù màmá mi ni, mà, ojú ẹ ni wọ́n máa ti ṣí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn." Òmíràn ní kódà bó ṣe tètè gbà láti yá a yẹn gan-an, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó kọ "foreshadowing" sójú bọ́ọ̀dù, ìyẹn ni kí òǹkọ̀wé ti rọra fi àmì ohun tó ń bọ̀ sínú ìtàn ṣáájú. Wọ́n ti mọ nǹkan náà kí n tó fún wọn lórúkọ ẹ̀. Títí dòní tí mo bá pàdé àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn míì ti wà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ni wọ́n máa ń fi kí mi.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni ọmọbìnrin kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé Mathilde kì í ṣe olójúkòkòrò. Ìwé ìrànwọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà sọ pé greed ni, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní greed ni, ó ní rárá o. Ó ní, "Níbẹ̀rẹ̀, ó wù ú kó dà bí olówó, mo gbà. Àmọ́ nígbà tí gbèsè dé, kò sá, kò parọ́ pé olè jí i, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, ó san án tán. Ẹni mélòó ló ń san gbèsè?" Kò sẹ́ni tó rí i dá lóhùn. Mo wo ọmọ náà, ọmọ SS1, mo sì mọ̀ pé ohun tó ṣe yẹn, tíṣà kankan ò lè kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún un kó dà á kọ. Ó ti ka ìtàn, ó ti wo èèyàn inú ẹ̀, ó ti dá ẹjọ́ fúnra ẹ̀, ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n tún wá já sórí bóyá ó yẹ kí Madame Forestier dá owó padà, torí ojúlówó 36,000 franc ló ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àwọn kan ní kó dá ṣéènì padà kó gba 500 ẹ̀. Àwọn kan ní ta ló máa dá ọdún mẹ́wàá padà. Agogo lu, wọn ò jáde.

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé Yorùbá ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ pé wọ́n sọ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, tọ́mọ bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní vernacular ni, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọ̀gá kan dúró lójú fèrèsé wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mama, ẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ Yorùbá ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n bá ti jiyàn tán ní Yorùbá, mo máa ní kí oníkálukú kọ ìpínrọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì: kí lèrò ẹ, ibo lo ti rí i nínú ìwé. Mo kó ìwé wọn fún ọ̀gá náà, wọ́n kà mẹ́ta mẹ́rin níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ní àwọn ọmọ yìí ló kọ èyí? Ọ̀rọ̀ ti wà nínú wọn ni. Ọmọ tí ò bá ní nǹkan tó fẹ́ sọ, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó máa bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí nǹkan sọ ná, ká wá bá a tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe, iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ìtàn kejì tí mi ò lè ṣe kí n má sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni "Civil Peace" ti Chinua Achebe, ó wà nínú Girls at War, ìwé tó jáde ní 1972. Ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 ti parí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonathan Iwegbu ń dúpẹ́ pé òun yè, ìyàwó òun yè, mẹ́ta nínú ọmọ òun mẹ́rin yè, kẹ̀kẹ́ ológeere òun náà tún wà. Ó padà sí Enugu, ó bá ilé ẹ̀ lórí ìdúró. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò, ìyàwó ẹ̀ ń dín àkàrà, ó ń ta ẹmu fáwọn sójà. Ìjọba wá fún un ní £20 pààrọ̀ owó Biafra tó kó sílẹ̀, "egg-rasher" làwọn èèyàn ń pe owó yẹn torí ex-gratia, ìyẹn owó àánú, ò ṣe é pè lẹ́nu wọn. Lóru ọjọ́ yẹn olè dé.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibi tí olè ti ń sọ pidgin yẹn kọjá sísọ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí àwọn olè gan-an ló ń bá onílé ké pe àwọn aládùúgbò àti ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó dáhùn, ẹ̀rín wá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rí i pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n ṣeré ibẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan jáde lọ síta, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn kíláàsì, àwọn tó kù wà nínú, wọ́n rọra dákẹ́ bí aládùúgbò, kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sá wá sójú fèrèsé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìlú tí Duro Ladipo, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ti dá Mbari Mbayo, ilé àṣà àti eré, sílẹ̀ ní 1962 nìlú yìí, ó yẹ kí ọmọ tó ń dàgbà níbẹ̀ mọ eré ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí, ìyẹn dùn mí, mo máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìtàn yẹn ò sí níbi olè. A ti kà á tán, a ti ṣeré ẹ̀, ọmọbìnrin kan tó rọra máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní, "Mà, wọ́n ní ọmọ mẹ́rin, mẹ́ta ló bá a délé. Ìkẹrin ńkọ́?"

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kò sí nínú ìwé. Mo ní ó wà níbẹ̀, ẹ wá a. Wọ́n wá a tì, wọ́n tún wá a. Ibi tí wọ́n ti rí i ni ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Jonathan rì kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ nínú igbó kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ibi tó rì í sí ni wọ́n ń sin àwọn tó kú nínú àgọ́ sí, títí kan ọmọkùnrin ẹ̀ tó kéré jù. Ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn báyìí ni wọ́n fi ọmọ náà sí. Kẹ̀kẹ́ ni gbólóhùn náà ń sọ, ikú ọmọ wà láàárín ẹ̀, ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn ogun ó lọ wú kẹ̀kẹ́ jáde, ó fi epo díẹ̀ sí i, ó ń lọ.

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan wá ní, "Kí ló dé tí ò sunkún, mà?" Ẹnì kan ní ó ti sunkún tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní bó bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún kò ní lè gbé ẹmu mọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ kẹrin ló wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ṣe é wú." Ìgbà tá a wá padà sórí ọ̀rọ̀ tí Jonathan máa ń tún sọ, pé kò sí nǹkan tó ń rú Ọlọ́run lójú, wọn ò gbọ́ ọ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Àwọn kan ṣì ní ìgbàgbọ́ ọkùnrin náà ló lágbára. Àwọn kan ní ó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ nǹkan ni. Mo jẹ́ kí méjèèjì dúró, torí ìwé gbà wọ́n láyè méjèèjì, mi ò sì ní fi ipò tíṣà pa ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé àǹfààní wo ni gbogbo èyí máa ṣe fún WAEC, ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Essay Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, ọ̀rọ̀ 450 ni wọ́n ń béèrè ó kéré tán, máàkì 50: content 10, organisation 10, mechanical accuracy (spelling, gírámà àti àmì ìkọ̀wé) 10, expression nìkan 20. Wọ́n sì fẹ́ràn láti ní kí ọmọ kọ ìtàn tó máa parí sórí gbólóhùn kan, tàbí èyí tó máa fi òwe kan hàn. Ẹni tó bá ti máàkì irú ẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. "It was a bright and sunny Saturday morning, the birds were chirping." Ìwé bíi méjìlá léra wọn, Sátidé kan náà, ẹyẹ kan náà. Tí ìtàn bá wá lọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn jí, àlá ni. Látìgbà tá a ti ń ka ìtàn báyìí, mo ń rí ìyàtọ̀. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ síbi tí ìyá ẹ̀ ti ń ka owó àjọ lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, tí ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sọ fún mi pé owó ò pé, kò sọ pé ẹ̀rù ń ba ìyá ẹ̀. Mo mọ̀. Ní ìpínrọ̀ kejì ó ní àbúrò òun ra bàtà tuntun. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dìde lórí àga nígbà tí mo ka ibẹ̀. Spelling ẹ̀ ò pé o, tense ẹ̀ ń ṣe ségesège, ìyẹn la ó jọ máa tún ṣe, àmọ́ ọmọ yẹn ti di òǹkọ̀wé.

Ní ti ìwé, ẹ má jẹ́ kówó dá yín dúró. Àwọn tó ti kú tipẹ́, Poe ní 1849, Maupassant ní 1893, Chekhov ará Rọ́ṣíà ní 1904, iṣẹ́ wọn ti di ti gbogbo ayé, àwọn ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ láyé àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi lẹ́tà kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé méjèèjì, fọ́tòkọ́pì ẹ̀ ò ní wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Ọláìyá, ẹ bá àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì dúnàádúrà, tó bá pọ̀ wọ́n á gbé e wálẹ̀ fún yín. Mo máa ń gba ẹ̀dà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tá a bá ti kà á tán, mo ń kó o sínú fáìlì fún ṣẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀. Ti Achebe yàtọ̀ o, 2013 ló kú, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì ní olówó, ìwé gidi ni ká rà, èyí tá a ní la fi ń yí po láàárín ara wa, tèmi ni mo fi ń kà á jáde.

Tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, "The Bet" ti Chekhov ni mo fẹ́ gbé wọ SS2, ti 1889. Olówó báńkì kan àti agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan ta tẹ́tẹ́ mílíọ̀nù méjì rubles, pé bí ọ̀dọ́ náà bá lè dá wà nínú yàrá fún ọdún 15, owó di tiẹ̀. Mo ní àwọn ọmọkùnrin kan ní SS2 tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń jí, tí wọ́n fi ń sùn, wọ́n mọ odds ju àwọn tíṣà math wọn lọ. Àwọn ni mo fẹ́ fi síwájú. Mo fẹ́ dúró nígbà tó bá ku wákàtí márùn-ún kí ọdún náà pé, kí n pa ìwé dé, kí n bi wọ́n pé bó bá jẹ́ ìwọ lo wà nínú yàrá yẹn, kí lo máa ṣe? Ẹni tó bá ti lò ó ní kíláàsì ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi bí àwọn ọmọ ṣe gbà á.